Ẹ̀rọ Kọfí Tó Sọ Jọláyẹmí di Olóòótọ́

Ní ìgbà èwe mi ní Ìkìrun, bí ènìyàn bá pa irọ́ tó ga ju òrùlé lọ, a kì í pè é ní òpùrọ́. Wọn á kàn ní, "Kọfí Jọláyẹmí nìyẹn." Àwọn tí kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Jọláyẹmí rí pàápàá ń sọ ọ́. Nígbà tí mo di tíṣà, àwọn ọmọ iléèwé mi ń sọ ọ́ lójú mi, wọn kò mọ̀ pé àbúrò ìyá mi ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá sọ ọ́ sí mi létí, mo máa ń nà án. Títí di òní, n kò kábàámọ̀ ẹyọ pàṣán kan níbẹ̀.

Adétóun ìyá mi ló pọ̀n Jọláyẹmí dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ó ga, ó tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, níbi tó ti ń tún fìtílà gáàsì, sítóòfù àti kẹ̀kẹ́ ṣe. Kò sí ohun tó lè mú ọkùnrin náà parọ́. Bí o bá dá aṣọ ọdún tí o sì bi í bó ṣe rí lára rẹ, bó ṣe rí gan-an ni yóò sọ. Ìyàwó kan tó fẹ́ kò bá a pẹ́, n kò sì dá obìnrin náà lẹ́bi. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìlú mú, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe irọ́.

Ogun Hítílà ló fa gbogbo rẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Ọláwuyì ọmọ Òkukù, ni wọ́n jọ gba iṣẹ́ sọ́jà ní Òṣogbo. Wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n gbé wọn lọ bá àwọn ará Ítálì jà ní apá ìlà-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n gba ìlú kan létí òkun tí wọ́n ń pè ní Mogadíṣù, àwọn méjèèjì wọ ṣọ́ọ̀bù Òyìnbó kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ẹ̀rọ náà. Ìkòkò idẹ gíga kan ni, ó dúró ṣánṣán lórí tábìlì, ó ń dán débi pé ènìyàn lè wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ẹyẹ idì kan sì na ìyẹ́ sí orí rẹ̀. Òyìnbó náà bu ẹ̀tù dúdú sínú ife irin olójú wẹ́wẹ́ kan tó ní ọwọ́ igi, ó fi há ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ó ṣí ẹnu rẹ̀. Ìkòkò náà mí hùùù, omi dúdú tí kò tó ẹnu méjì sì ń kán sínú ife kékeré. Kọfí ni. Ó korò, ó ní ìfófòó lórí. Ọláwuyì mu ún, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní irú ìkòkò yìí ni òun yóò gbé lọ fún ìyá òun.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, wọ́n ń wa lọ́rì lọ sí apá òkè. Lọ́rì tí Ọláwuyì wà nínú rẹ̀ ló ṣíwájú. Ó gun ohun tí àwọn ọ̀tá rì mọ́ ojú ọ̀nà. Jọláyẹmí bẹ́ sílẹ̀ nínú tiwọn, ó sáré débẹ̀. Kò rí ohunkóhun tó ṣeé gbé, ká má tíì sọ pé ká sin.

Ẹni tí kò mọ àṣà wa lè ní kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá Ọláwuyì ní kété tó dé láti ogun. A kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá bí ẹni ń polówó epo. Àwọn àgbà ló ń kó ara wọn jọ lọ. Wọn á jókòó, wọn á sọ̀rọ̀ òjò, wọn á sọ̀rọ̀ oko, wọn á fi ọ̀rọ̀ tó dùn ṣíwájú, kí ọkàn onítọ̀hún lè balẹ̀ kó tó gba èyí tó korò. Jọláyẹmí kò rí àgbà tó fẹ́ bá a lọ. Ohun tí wọ́n sọ ni pé òkú tí kò ní irun, tí kò ní èékánná, kí ni àwọn fẹ́ gbé dé iwájú ìyá rẹ̀? Ló bá dá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Òkukù.

Àpèkẹ́ ni orúkọ ìyá náà. Opó ni, ó ń ṣe ọṣẹ dúdú, Ọláwuyì nìkan ló sì kù fún un nínú gbogbo ọmọ tó bí. Ìjọba ti ránṣẹ́ sílé ṣáájú, ṣùgbọ́n "Ọláwuyì Òṣogbo" ni wọ́n pè é, torí pé ìlú tí wọ́n bá ti gba sọ́jà ni wọ́n sábà ń kọ mọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ìyá ní ọmọ Òkukù lòun bí, kí wọ́n lọ wá ẹni tó bí ti Òṣogbo. Jọláyẹmí jókòó tì í. Ó ṣe bí àgbà ti ń ṣe. Ó sọ̀rọ̀ òkun, ó sọ̀rọ̀ Mogadíṣù, ó sọ ti ẹ̀rọ kọfí àti ẹyẹ orí rẹ̀, ó sọ bí Ọláwuyì ti rẹ́rìn-ín. Ìyá náà bá a rẹ́rìn-ín, ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ ti lọ́rì.

 Ìyá tún bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yìí yàtọ̀.

"Ọmọ yìí, o mọ irọ́ í pa o! Ìkòkò tó ní ẹyẹ lórí, tó ń mí bí ènìyàn, tó ń tọ omi dúdú! Ẹnu tó pa ìyẹn náà ló pa èyí. Ó yá, máa lọ sílé, bí Ọláwuyì bá dé, màá sọ fún un pé o wá."

Ó jáde síta, ó pe àwọn aládùúgbò, ó ní kí wọ́n wá gbọ́ ìtàn ìkòkò tó ń mu sìgá. Láti ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ ọjà Òkukù, ó gba Inísà kọjá, ó bá wa ní Ìkìrun. Àṣà tí Jọláyẹmí tẹ̀ lé ló kó bá a. Ká ní ó já wọlé, kó sọ ikú náà lójú ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́, bóyá ìyá náà ìbá gbà á gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sin Ọláwuyì. Bí ènìyàn wa bá kú sẹ́yìn odi, irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń gé wá sílé, òun ni wọ́n ń tẹ́ sínú ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kó lè sinmi. Baálé ilé wa pe Jọláyẹmí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Irun kò yàtọ̀ sí irun. Gé díẹ̀ lára tìrẹ, dì í sínú aṣọ funfun, gbé e fún obìnrin yẹn, kí olúkúlùkù sinmi."

"Bàbá, ẹ dákun, èmi kì í parọ́."

Baálé wò ó, ó kàn mi orí. Kí lèèyàn fẹ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ọdún gorí ọdún. Ọmọbìnrin tí Ọláwuyì ń fẹ́ kó tó lọ ogun ti lọ ilé ọkọ ní Ọ̀fà. Ìyá Àpèkẹ́ ṣì ń gbá yàrá ọmọ rẹ̀ láràárọ̀, ó ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Jọláyẹmí ní ara òun kò gbà á mọ́ láti fi ọ̀rẹ́ òun sílẹ̀ lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn ún pẹ̀lú pé wọ́n ń pe òun ní òpùrọ́, èmi sì gbàgbọ́ pé kò mọ èyí tó ń dùn ún jù nínú méjèèjì.

Ọdún kejì tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbé mi lọ ṣe tíṣà ní Inísà. Ilé Ìyá Ọmọ́dára ni mo wọ̀ sí. Ọkọ rẹ̀ ti ṣe ọdẹ rí fún Òyìnbó ará Ítálì kan tó wá ṣe afárá lórí odò Ọ̀tìn. Àìsàn gbé Òyìnbó náà lọ sílé, kò padà wá, àwọn ẹrù rẹ̀ sì wà káàkiri ẹ̀yìnkùlé. Ní ọjọ́ kan, Jọláyẹmí wá kí mi, Ìyá Ọmọ́dára sì ní kó bá òun wo sítóòfù òun tó ń ṣe èéfín. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti lọ gbọn eérú inú rẹ̀ dànù, kò sì tètè wọlé.

Mo bá a tó dúró níwájú ohun kan tí adìẹ yé ẹyin sí. Ìkòkò gíga kan ni, ẹ̀gbẹ́ kan ti tẹ̀, èérí dúdú àti ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo gbogbo ara rẹ̀. Ìyá Ọmọ́dára ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má pariwo. "Bàbá Ọmọ́dára ní ẹ̀rọ ògógóró ni o. Bí ọlọ́pàá bá rí i, ẹ̀wọ̀n ni. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé e sábẹ́ adìẹ."

N kò rí ẹyẹ kankan lórí rẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.  Ó fi ọwọ́ tọ́ orí ìkòkò náà, ó rí ihò kan níbẹ̀ tó ní ìlà yípo bíi ti ẹnu ìgò, ibi tí ènìyàn lè yí nǹkan mọ́. Ó fi itọ́ nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn lẹ́tà òyìnbó kan yọ, tí èmi tíṣà gan-an kò lè kà, torí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ó wá káàkiri inú koríko títí ó fi rí ife irin olójú wẹ́wẹ́ kan, ọwọ́ igi rẹ̀ ti kán sí méjì. Ó fi èékánná ha inú rẹ̀, ẹ̀tù dúdú díẹ̀ bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó gbé e sí imú. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ láàárín ìgbẹ́ adìẹ, ó sì sunkún. Èmi kò rí i kó sunkún rí, ẹ̀rù bà mí.

"Túnráyọ̀," ó ní, "òun ni."

Ìyá Ọmọ́dára fi ẹ̀rọ náà ta á lọ́rẹ, ó dúpẹ́ pé ó kúrò nílé òun. A gbé e sórí lọ́rì elépo kan lọ sí Ìkìrun.

Iṣẹ́ tó ṣe sí ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe kékeré. Bó ṣe ṣí inú ìkòkò náà, ó bá a tí ohun funfun líle bí ẹfun ti gan mọ́ ọn nípọn, ohun tí omi gbígbóná fi sílẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí. Ó rọ omi òsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó fi sílẹ̀, ó ha á, ó tún rọ òmíràn. Gbogbo òsàn wẹ́wẹ́ àdúgbò ló tán. Ó fi òsàn kan náà àti eérú fọ ìta rẹ̀ títí tí idẹ fi yọ. Ibi tó tẹ̀, ó fi òòlù onígi rọra lù ú láti inú. Ibi tó jò, ó fi òjé dí i.

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á ni awọ tó yẹ kó wà láàárín ife irin àti ẹnu ẹ̀rọ kí omi má baà fọ́n síta. Èyí tí wọ́n bá nínú rẹ̀ ti jẹrà. Ó gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ sí i, rọ́bà náà yọ́, kọfí àkọ́kọ́ sì ń rùn bí ilé tó jó. Ó gé awọ bàtà, ó wú, ó ya. Níkẹyìn, awọ màlúù tí ó rẹ sínú òrí ló gbà á. Gíláàsì tó ń fi bí omi ṣe kún tó hàn ti fọ́, kò sì rí irú rẹ̀ rà ní gbogbo Òṣogbo, ló bá fi idẹ dí ojú ibẹ̀, ó ń fi ìka lu ìkòkò kó lè mọ ibi tí omi dé. Èyí kò tẹ́ aládùúgbò rẹ̀ kan, Fátóògùn, lọ́rùn. Fátóògùn ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ó mọ bí omi gbígbóná ti ń pa ènìyàn.

"Níbo ni ẹ̀rọ yìí ti ń mí?" ó bèèrè.

Jọláyẹmí fi ihò kékeré kan hàn án lókè, sípíríǹgì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gan.

"Bí èyí kò bá ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí ooru bá pọ̀ jù, ìwọ àti ṣọ́ọ̀bù rẹ ni a ó jọ máa ṣà nílẹ̀. Má ṣe dáná sí i o."

Jọláyẹmí rọ kẹrosíìnì sínú ihò náà, ó rò pé ó ti là, ó dáná èédú sí i. Kò là tán. Awọ ẹnu ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ fò, omi gbígbóná sì bó apá ọ̀tún rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ìyá mi tọ́jú egbò náà, ó ń sunkún, ó ń bú u. "Kí lo fẹ́ fi ìkòkò burúkú yìí ṣe, Jọláyẹmí? Ṣé kọfí ló ń pa ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ kí wọ́n sin Ọláwuyì."

Nígbà tí apá náà jinná, ó padà sídìí rẹ̀. Ó tú ihò ìmí náà palẹ̀, ó rọ sípíríǹgì tuntun, Fátóògùn sì dúró tì í títí wọ́n fi rí i tó ń ṣí, tó ń pa dé fúnra rẹ̀. Ó ku kọfí. Àwọn àgbẹ̀ kan ní Ìgbayè ti gbìn ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó wọn, wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n lè fi ṣe ju kí wọ́n tà á. Ìyá mi yan án nínú ìkòkò bí ẹni yan ẹ̀pà. Nígbà tí a gún un kúnná bí èlùbọ́, omi kò rí ọ̀nà gbà kọjá. A gún un bíi gààrí, omi sá gbà á kọjá, kò mú nǹkan kan dání. Nígbà tó dà bí iyanrìn etí odò, ẹ̀rọ náà mí hùùù, kọfí dúdú sì ń kán, ìfófòó pupa rúsúrúsú sì wà lórí rẹ̀.

Gbogbo àdúgbò ibùdókọ̀ ló wá wò ó. Àwọn tó ti fi í ṣe ẹlẹ́yà láti ọdún wọ̀nyí wá tọ́ kọfí náà wò, wọ́n tu ú dànù, wọ́n ní ó korò, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Baálé ilé wa pàápàá mu díẹ̀, ó ní, "Háà! Àṣé òótọ́ ni." Wọ́n fún Jọláyẹmí ní orúkọ tuntun ní ọjọ́ yẹn. Wọ́n ń pè é ní Olóòótọ́. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sọkún.

Ìyá mi fà á sẹ́yìn. "Ìlú ti gbà fún ọ. Ó tó. Má gbé e lọ sí Òkukù."

"Wọn kò tíì sin ín, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ní má gbé e lọ."

Kò gbọ́. Mo bínú sí ìyá mi lọ́jọ́ náà, mo rò pé ojo ló ń ṣe é. Èmi ni mo bá Jọláyẹmí lọ.

A sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ ní àgbàlá Ìyá Àpèkẹ́, àwọn ará ilé péjọ, ó dáná èédú sí i. Ìyá náà ti di arúgbó, egungun ló kù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé àpótí rẹ̀ wá, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ̀rọ náà mí, àwọn ọmọdé sá. Ìyá kò mira. Jọláyẹmí kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife kékeré fún un.

Ó mu ún, ó fún ojú pọ̀. "O ní ó korò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"O ní ìfófòó wà lórí rẹ̀."

"Ẹ wò ó, Ìyá, òun nìyí."

"O ní ẹyẹ wà níbẹ̀. N kò rí ẹyẹ." Ohùn rẹ̀ gbé sókè díẹ̀ bí ẹni tó rí ohun tó sọnù. Jọláyẹmí fi etí aṣọ wé ìka Ìyá nítorí ooru, ó fi kan ihò tó wà lórí ìkòkò, ó ṣàlàyé pé ibẹ̀ ni wọ́n ń yí ẹyẹ mọ́, pé ó ti bọ́ ni. Ìyá fi ìka náà sínú ihò, kò tètè yọ ọ́.

"O ní Òyìnbó ló ni ín."

"Òyìnbó ló ni èyí náà, Ìyá. Ẹ̀yà àwọn tí a bá jà ni. Ọ̀rọ̀ wọn nìyí lára rẹ̀."

Bó ṣe ń bèèrè ni Jọláyẹmí ń fi ayọ̀ dáhùn, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, bí ọmọ iléèwé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Èmi tí mo dúró ti Ìyá ni mo rí ọwọ́ rẹ̀. Ó di etí àpótí mú, iṣan rẹ̀ le. Nígbà náà ló yé mi pé kì í ṣe pé ó fẹ́ gbà á gbọ́. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ irọ́ nínú ọ̀rọ̀ Jọláyẹmí ló ń wá, kò sì rí i.

"O ní," ó sọ, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "o ní ẹ kò rí ohun tí ẹ lè sin."

 Jọláyẹmí gbé ojú sókè. Nísinsìnyí ló yé òun náà. Mo ń gbàdúrà nínú mi pé kó parọ́. Mo ní, Olúwa, jẹ́ kó ní òun kò débẹ̀, jẹ́ kó ní ẹlòmíràn ló sọ fún òun.  

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ìyá Àpèkẹ́ sọ ife kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò pariwo. "Jọláyẹmí, irọ́ rẹ ni mo gbé ayé lé láti ọjọ́ tí o ti dé. Èmi ni mo sọ ọ́ di òpùrọ́ káàkiri, kí ọmọ mi lè wà láàyè. Kí ni mo ṣe fún ọ, tí o fi lọ tún ẹ̀rọ yìí ṣe?"

Ó dìde, ó wọ yàrá ọmọ rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ìgbà tó ṣe díẹ̀ ni a gbọ́ igbe rẹ̀. N kò fẹ́ sọ bí igbe náà ti rí.

Wọ́n sin Ọláwuyì. Aṣọ àdìrẹ kan tó fi sílẹ̀ kó tó lọ ogun ni wọ́n tẹ́ sínú ilẹ̀. Kí iṣu tuntun tó jáde, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Jọláyẹmí kò padà lọ gbé ẹ̀rọ náà. Mo gbọ́ pé wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n tà á fún àwọn alágbẹ̀dẹ.

Orúkọ tuntun náà kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá kí i ní "Olóòótọ́", kì í dáhùn. Wọ́n rò pé ìgbéraga ni.

Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, tí àwọn ọmọ wa ń lọ, àwọn sọ́jà tó fara gbọgbẹ́ ń gba ibùdókọ̀ Ìkìrun kọjá, àwọn kan sì máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù Jọláyẹmí nítorí pé sọ́jà mọ sọ́jà. Àwọn ìyá gbọ́, wọ́n ń wá bi í léèrè ọmọ wọn. Ẹni tí kì í parọ́, ta ni wọn ìbá tún bi? Ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Wọ́n jókòó síta, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ jálẹ̀. Àwọn mìíràn bú u.

Àbúrò mi Oyèwálé wà lójú ogun náà. Òun nìkan ni ọkùnrin tí ìyá mi bí. Ní ọ̀sán kan, mo gbé oúnjẹ lọ fún Jọláyẹmí, mo bá sọ́jà kan lọ́dọ̀ rẹ̀ tí apá rẹ̀ kan ti gé. Bí mo ṣe rí ojú wọn, mo ti mọ̀. Sọ́jà náà tún un sọ fún èmi náà: odò kan ni, òun wà nítòsí, òun rí Oyèwálé nígbà tó rì, kò sì jáde. Ó ní kí a ṣe ọkàn gírí, ó sì padà lọ wọ ọkọ̀ ojú irin rẹ̀. A kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan sí ara wa nígbà tí ìyá mi ti ojú títì bọ̀, gèlè rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnìkan ti sọ fún un pé sọ́jà kan sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀.

Jọláyẹmí kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó pọ̀n ọ́n dàgbà.

"Jọláyẹmí," ìyá mi ní, ó ń mí gúlegúle, "ìwọ kì í tàn mí. Ìwọ nìkan ló kù tí mo lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́ láyé yìí. Kí ni ọkùnrin yẹn sọ? Ṣé Oyèwálé wà láàyè?"

Jọláyẹmí wo ojú rẹ̀. 

"Ó wà láàyè, ẹ̀gbọ́n mi. Ọkùnrin yẹn bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kí n kí yín."

Ìyá mi gbé ọwọ́ sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó fi gèlè nu ojú. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Túnráyọ̀, ṣé o gbọ́?"

Mo ní, "Mo gbọ́, Màámi."